Ìwo Àgbọ̀nrín Nínú Itan Alhaji

Ẹran àkọ́kọ́ tí mo rí tó kú lọ́wọ́ àwọn bàbá méjèèjì yìí, igi ni wọ́n fi lù ú. Ẹtu ni, abo, kò ju ewúrẹ́ kékeré lọ. Ajá ti lé e títí itọ́ fi ń yọ fòòfòò lẹ́nu rẹ̀, ó wá há sáàárín igi ẹlẹ́gùn-ún kan. Alhaji sáré dé, ó fi kùmọ̀ rẹ̀ gbá a nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gé koríko, mo sì gbọ́ bí egungun ẹsẹ̀ ẹran náà ṣe dún. Ẹtu ṣubú. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Alhaji fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó ní "Bisimilahi," ó dú u. Lẹ́yìn náà ló nu ọ̀bẹ sára koríko, ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ oníbọn," ó ní, "o ti gbàgbé ìbọn ẹ."

Lóòótọ́ ni. Ìbọn mi wà léjìká, mi ò tiẹ̀ rántí pé mo gbé e wá.

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí France Road. Ṣùgbọ́n Ṣakí ni mo ti kọ́ṣẹ́, nítorí bàbá mi rí i pé Hausa ni mo fi ń dá òun lóhùn nínú ilé, ó bá mú mi lọ sílé kí ahọ́n mi lè tún padà bọ̀ sípò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ló kọ́ mi ní ọdẹ. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i lójú, kí ẹran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ogójì ìṣísẹ̀. Ọta kan ṣoṣo, lẹ́yìn apá. Tí kò bá dá ọ lójú, gbé ìbọn rẹ sọ̀kalẹ̀, máa lọ sílé lọ jẹ gààrí. Ó máa ń sọ pé ẹran tó bá ráyè mọ̀ pé òun ń kú, ọdẹ rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí mo ṣe gba katikísìmù gbọ́. Nígbà tí mo padà sí Kano tí mo ra ìbọn olójú-kan tèmi, tí mo sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀, mi ò pàdé ọdẹ kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì tí mo pàdé nìyí. Wọ́n fi bí ọgbọ̀n ọdún jù mí lọ, síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni kí n máa pè wọ́n. Mo ń pè wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fi "o" pe èyíkéyìí nínú wọn rí.

Alhaji jẹ́ oníṣòwò aṣọ ní ọjà Kantin Kwari kó tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ló fi ń ṣàwàdà, Hausa ló fi ń bínú. Láàárín àwọn ọmọ Hausa ní Fagge ló ti kọ́ ọdẹ, ọdẹ ajá àti igi. Kò fẹ́ràn ìbọn rárá. Ẹran tó bá kú kí ọ̀bẹ tó kàn án lọ́rùn, mushe ló ń pè é, òkú ǹbétè, kò ní fi sẹ́nu láéláé. Mo sọ fún un nígbà kan pé àwọn alfa kan ní téèyàn bá ti dárúkọ Ọlọ́run kó tó yìnbọn, ẹran náà mọ́. Ó ní òun ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn alfa náà máa jẹ tiwọn.

Ẹnì kejì, alàgbà ni nínú ìjọ wa. Reluwé ni bàbá rẹ̀ bá wá sí Kano. Ọ̀kadà lòun ń tún ṣe títí ó fi darúgbó, tí wáyà bíréèkì bá sì já, kì í jù ú nù. Ó máa ń fi epo pa á, á ká a jọ, á fi dẹ tàkúté. Kò ní ajá, kò ní ìbọn. Mai waya ni Alhaji ń pè é. Èmi ń pè é ní Bàbá Oníwáyà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo bá dé iwájú rẹ̀, Bàbá lásán ni. Ó lè dẹ wáyà mẹ́wàá sílẹ̀ ní Sátidé kan, kó má padà débẹ̀ àfi Sátidé kejì.

Igbó tí a ń lọ, ìrìn mọ́tò bíi wákàtí méjì ni sí gúúsù ìlú. Mai unguwa, olórí abúlé tó wà níbẹ̀, ló fún wa láyè, nítorí àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ̀wà àwọn ènìyàn rẹ̀ run. Tí a bá pa ẹran, a ó gé itan kan fún un. Àárọ̀ la máa ń lọ, tí Alhaji bá ti kírun tán. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti padà délé.

Ọjọ́ tí èmi àti Bàbá Oníwáyà kọ́kọ́ jà, àwa méjì péré la jọ lọ wo àwọn wáyà rẹ̀. Márùn-ún ò mú nǹkan kan. Ní ti ẹ̀kẹfà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti hú yíká bí ẹni pé wọ́n fi ọkọ́ ro ó. Èèpo igi tí wáyà so mọ́ ti bó kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ dúdú sórí koríko. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú wáyà náà, láti pátákò dé orúnkún, egungun funfun yọ lókè rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ẹran náà ti yí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ó fi já, ó sì ti lọ.

"Bàbá," mo ní, "ẹ wo ohun tí ẹ ṣe."

"Mo rí i."

"Ẹran yìí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn kiri nínú igbó báyìí."

"Kò lè rìn jìnnà. Ìkookò á ti jẹ ẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú wáyà rẹ̀ kúrò lára egungun náà, ó ń fi àtàńpàkò yọ awọ tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Inú bí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ Olúwa fún wa jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi! Ọwọ́ yìí náà?"

Ó ká wáyà náà tán. Ó wá dìde dúró. "Ìbọn tìrẹ, kò tíì ba ẹran kan kó sá lọ rí?"

"Láé. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ mí."

"Ó máa ṣẹlẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe èpè ni mò ń ṣẹ́ fún ẹ o. Ó máa ṣẹlẹ̀."

Bíi oṣù kan la fi ń kí ara wa pẹ̀lú ọwọ́ nìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Alhaji ló wá parí ìjà náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lé àpótí irinṣẹ́ mi. "Haba," ó ní, "èmi Mùsùlùmí kí n máa bẹ Kìrìsìtẹ́nì méjì kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn? Sátidé la ń lọ. Gbé ìbọn ẹ."

Mo gbé e.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ mú, ètè wa ń sán. Ajá kan ṣoṣo ni Alhaji mú wá lọ́jọ́ náà, èyí tó pupa, tó dàgbà jù, tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nítorí èmi ni wọ́n ṣe jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ yẹn, lábẹ́ igi kan tó kọjú sí omi kékeré kan. Alhaji di ajá náà lẹ́nu mú. Wọ́n fẹ́ rí ọ̀nà tèmi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Akọ àgbọ̀nrín kan jáde. Ó ga, ó dúdú lẹ́yìn, ìwo rẹ̀ lọ́ sókè ṣáṣá. Ó dúró ní òdìkejì omi, ó ju ọgọ́rin ìṣísẹ̀ lọ. Ibi tí mi ò gbọdọ̀ yìnbọn dé nìyẹn. Mo ń retí kó sún mọ́ wa. Ó tẹ orí wo omi, ó gbé orí sókè, ó tún dúró.

Mo gbọ́ ohùn Alhaji lẹ́yìn mi, ó rọra ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí kò tíì yìn ín? Àbí ìbọn yẹn, fún ọ̀ṣọ́ ni?"

Bàbá Oníwáyà rẹ́rìn-ín nímú.

Mo yìn ín.

Ẹran náà fò sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ká kò, ó sì sáré lọ pẹ̀lú orí nílẹ̀. Ọdẹ tó bá ti rí ẹran tó ká ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ọta wọlé sí. Nígbà tí a dé ibi tó dúró sí, Bàbá Oníwáyà já ewé kan nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na án sí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun aláwọ̀ ewé bí ewédú wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń rùn. Ìfun. Ẹran tí wọ́n bá yìn ní ìfun lè fi odindi ọjọ́ kan kú. Bàbá Oníwáyà yíjú, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ lọ níwájú. Ì bá sàn kó bú mi.

A tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Níbòmíràn ó kán nílẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, níbòmíràn a rí ibi tí ẹran náà ti dùbúlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì pupa. Tí a bá sún mọ́ ọn, á dìde, á tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ bó ṣe ń kérora níwájú wa nínú igbó tí mi ò sì rí i. Alhaji, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, kò sọ pé ó rẹ òun. Nígbà tó yá, ó tú ajá náà sílẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí la gbọ́ gbígbó rẹ̀ láti inú odò gbígbẹ kan. Odò náà jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ga bí ògiri. Àgbọ̀nrín náà ti fẹ̀yìn ti ògiri náà, ìfun rẹ̀ ti yọ síta, ó ń wọ́ nínú iyanrìn. Ajá fò mọ́ ọn lọ́fun. Ẹran náà tẹ orí ba, ó fi ìwo gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ajá náà fò kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó balẹ̀, ikùn rẹ̀ ti là láti igbá àyà dé ìsàlẹ̀.

Alhaji ké, ó sì bẹ́ sínú odò náà pẹ̀lú kùmọ̀. Mo gbé ìbọn sójú, ẹ̀yìn Alhaji ni mo rí. Mo sún sọ́tùn-ún, ẹ̀yìn Alhaji náà ni. Ó la kùmọ̀ mọ́ èjìká ẹran náà, ẹran ò ṣubú. Ó rọ́ wá síwájú. Mo mọ ìró abẹ́rẹ́ ńlá tó bá ń gún awọ, àwọn tó ń rán bàtà máa ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ìró yẹn ni mo gbọ́. Ìwo kan ti wọ inú itan Alhaji. Ẹran náà gbé e kúrò nílẹ̀, ó fi í gbá ògiri odò, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn. Alhaji di ìwo kejì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo ní Hausa, ẹran náà ń ké, mi ò mọ ohùn èyí tí mò ń gbọ́ mọ́.

Bàbá Oníwáyà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tó yọ wáyà lápò. Ó sọ ọ́ kọ́ ọrùn ẹran náà láti ẹ̀yìn, ó lọ́ ìdí rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò kan tó yọ lára ògiri, ó fi gbogbo ara fà á. Ojú ẹran náà yọ síta. Ahọ́n rẹ̀ di àwọ̀ ayìnrín.

"Lù ú!" ó ké sí mi. "Kí lò ń wò? Lù ú!"

Mo ju ìbọn sílẹ̀. Mo mú kùmọ̀ Alhaji. Ìwo ni mo kọ́kọ́ bà, ó dùn mí dé èjìká. Mo tún lù ú, mo ba àárín ojú rẹ̀. Mo lù ú ní ìpàkó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó kúnlẹ̀, mi ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, mo tu ú dànù, mo tún gbé igi sókè. Mo ti sọ fún ara mi láti ìgbà náà pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ìbínú wà níbẹ̀, ìbínú náà sì dùn mọ́ mi bí ìgbà tí omi tútù bá kan ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Èmi tí mo bú àgbàlagbà nítorí ẹsẹ̀ ẹran kan.

"Ó tó!" Alhaji ló ń ké. "Má pa á! Ó tó! Ọ̀bẹ mi! Má jẹ́ kó di mushe mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bàbá Oníwáyà di orí ẹran náà mú, ó fa ìwo náà yọ díẹ̀díẹ̀. Alhaji rá kòrò dé ọrùn rẹ̀. Ó ní "Bisimilahi," ó dú u pẹ̀lú ọwọ́ tó ń yọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jọ ń wọ inú iyanrìn kan náà lọ. Lẹ́yìn náà ló fi orí lélẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Bàbá Oníwáyà tú wáyà kúrò lọ́rùn òkú ẹran náà, irun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gba láwàní Alhaji, ó ká a nípọn mọ́ òkè ojú ọgbẹ́ náà, ó wé wáyà lé e, ó ki igi kékeré bọ̀ ọ́, ó sì ń lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi rọ̀.

"Di igi yìí mú," ó sọ fún mi. "Tí o bá tú u, ó kú."

Mo dì í mú. Ojú Alhaji ti funfun. Kì í ṣe èmi ló ń wò, ajá rẹ̀ ló ń wò. Ajá náà ò tíì kú. Ó dùbúlẹ̀ nínú ohun tó jáde láti inú rẹ̀, ó ń mí kíákíá.

"Má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Alhaji ní. "Lọ gbé ìbọn ẹ."

Bàbá Oníwáyà gba igi náà lọ́wọ́ mi. Mo lọ gbé ìbọn, mo gbọn iyanrìn ẹnu rẹ̀ dànù, mo ki ọta. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ajá náà, ó ju ìrù. Mo yìn ín lẹ́yìn etí. Ọta tó dára jù tí mo yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Èmi sáré lọ sí abúlé. Ọkùnrin mẹ́rin bá mi wá, wọ́n gbé Alhaji sórí ibùsùn onígi títí dé ìdí mọ́tò. Àwọn náà ló pín ẹran yẹn, a ò béèrè rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ní Kano, dókítà sọ pé díẹ̀ ló kù kí ìwo náà kan iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, àti pé ẹni tó di ẹsẹ̀ yẹn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ìyàwó rẹ̀ dé. Hajiya ti tó ìyá mi. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ara èmi àti Bàbá Oníwáyà, ó béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi?"

Mo lanu. Bàbá Oníwáyà ti yára sọ̀rọ̀. "Ẹran ló ṣàdédé jáde sí wa, Hajiya. A ò tiẹ̀ rí i tó ń bọ̀."

Alhaji mi orí lórí bẹ́ẹ̀dì pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lọ kí i ní ilé ìwòsàn, tí Hajiya ń bu omi fún mi, tó ń ṣàdúrà fún mi pé èmi ni mo sáré lọ pe èèyàn. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rọ kan wà níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ilé wọn. Hajiya ń sẹ́ ìyẹ̀fun. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un bó ṣe rí: pé ẹran náà jìnnà jù, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé mo yìn ín kí àwọn bàbá lè yìn mí, pé èmi ni mo sọ ọ́ di ẹran tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀.

Ó gbé asẹ́ sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún. Ó wá síwájú mi, ó gbá mi létí. Kí n tó gbójú sókè, ó tún gbá mi.

"Àkọ́kọ́, fún ẹsẹ̀ ọkọ mi," ó ní. "Ìkejì, fún ọjọ́ mẹ́ta tí o fi ń mu omi mi."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde láti inú yàrá, ó ní, "Mama, ya isa," pé ó tó. Hajiya ò wo ẹ̀yìn. "Jáde nílé mi," ó sọ fún mi. Mo jáde.

Bàbá Oníwáyà tún bínú sí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ta ló rán mi. Mo ní ẹ̀rí ọkàn mi ni. "Ẹ̀rí ọkàn tìẹ ti fọ̀ mọ́," ó ní, "èmi àti Alhaji lo wá sọ di òpùrọ́ lójú ìyàwó rẹ̀."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó tún fojú kan Alhaji. Adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lójú France Road, àwọn mọ́tò ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló jókòó sínú rẹ̀, ọ̀pá wà láàárín orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà gbọnrangandan. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà.

"Dìde," ó ní, "ò ń dí èèyàn lọ́nà."

Mo dìde. Mo ní, "Alhaji, kí ló dé tí ẹ bá wọn purọ́ fún Hajiya?"

"Ta ló ń béèrè pé kí ló dé tí o ò tíì yìn ín?" ó dá mi lóhùn. "Ta ló ní fún ọ̀ṣọ́ ni ìbọn ẹ? Wallahi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí o yìn ín kí o má bà á, kí n lè fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Eléyìí ò ní sáré mọ́. Hajiya ní kí o máa bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Mo lọ nírọ̀lẹ́. Hajiya bu túwó àti ọbẹ̀ kúkà fún mi, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi. Mo fọ ọwọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo kó àwo náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo, mo kí i pé ó dàárọ̀. Ó ní, "Ó dàárọ̀," ó sì ti ilẹ̀kùn.